Ọjọ́ Orí Kọ́ ni Ọ̀tá Èdè

Ọ̀rọ̀ kan ti di àṣà lẹ́nu àwa olùkọ́, ó sì tó àkókò kí a bá ara wa sọ òótọ́ lórí rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá tọ̀ wá wá, tí ó ní òun fẹ́ kọ́ èdè tí òun kò gbọ́ rí, a óò rẹ́rìn-ín músẹ́, a óò sì wí fún un pé ó ti pẹ́ jù, pé ìgbà èwe ni a ń kọ́ èdè. Àwọn mìíràn nínú wa kì í tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Wọn a gba owó onítọ̀hún, wọn a kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bá sì sú u, wọn a fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe àwáwí. Èmi kò gba èyí. Mo wí i ní gbangba pé irọ́ ni, irọ́ tí ó rọ olùkọ́ lọ́rùn sì ni, nítorí pé ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ń kọ́ni, ó sì ń gbé e ka orí ẹni tí a ń kọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ ẹ̀rí, kí ó bá mi ká lọ sí Kùmásì, olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ìlú náà ni. Ó ti rí ọba tí ó kọ́ èdè àjèjì ní ìgbèkùn; ó ti rí ọmọ ọba tí èdè ìyá rẹ̀ bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀; ó ti rí àwọn oníṣòwò Yorùbá tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi èdè Twi dúnàádúrà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní ayé òde òní, ó tún ń rí àgbàlagbà tí ó ń sanwó fún olùkọ́ àdáni kí ó wá kọ́ òun ní èdè Sípéènì. Ọ̀rọ̀ irú akẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn yìí ni ó gbé mi dé ibi kíkọ ìwé yìí, nítorí pé lára rẹ̀ ni a ti ń rí àṣìṣe wa kedere jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí àwọn ènìyàn wa. Ṣáájú ọdún 1969, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó ń gbé ní Gánà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìníṣà lọ. Wọ́n pàtẹ ọjà ní Kùmásì, ní Tamale, ní Àkrá, àti ní àwọn ìletò tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà. Alata ni àwọn Akan ń pè wọ́n, orúkọ náà sì wà lára ọṣẹ dúdú di òní olónìí, tí wọ́n ń pè ní alata samina. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa kó ẹrù, wọ́n sì padà wálé. Wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi èdè tí wọ́n kọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó ṣì ń fi Twi bá ara wọn ṣàwàdà ní ìlú wa lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti dé.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ Twi náà? Kì í ṣe lórí àga ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó dé lónìí ní láti tajà lọ́la. Bí kò bá mọ bí a ti ń ka owó ní Twi, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò jẹ èrè rẹ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ebi ọjà ní Kùmásì mú èdè wọnú ènìyàn. Oníbàárà ni olùkọ́ wọn, ayálégbé ẹgbẹ́ wọn ni olùkọ́ wọn, àwọn ọmọ kékeré àdúgbò náà pẹ̀lú ni olùkọ́ wọn. Èmi kò wí pé wọ́n sọ ọ́ bí ọmọ onílẹ̀. Ahọ́n wọn a máa fi hàn pé àlejò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n rà, wọ́n tà, wọ́n ṣẹjọ́, wọ́n bá ará ìlú ṣọ̀fọ̀, wọ́n sì bá wọn ṣayẹyẹ. Bí èyí kì í bá ṣe mímọ èdè, kí ẹni tí ó mọ orúkọ tí ó yẹ kí a pè é sọ fún mi.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni èyí, pé èdè ìwé yàtọ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ọjà, kí a wọ ààfin. Nana Agyeman Prempeh Kìíní gorí ìtẹ́ Àṣáńtì ní ọdún 1888. Ní 1896 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n mú un gba Elmina lọ sí Sàró, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1900. Nígbà náà ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ti jọba, ó ti mọ bí a ti ń pàṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi pátákó nà án lọ́wọ́. Síbẹ̀ ó jókòó, ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ bí a ti ń kà á àti bí a ti ń kọ ọ́. Ó rí i dájú pé àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ní ìgbèkùn náà lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1907 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ńlá kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó sọ ìtàn àwọn ọba Àṣáńtì àti ti ilẹ̀ wọn. A tẹ ìwé náà jáde ní 2003. Nígbà tí ó padà sí Kùmásì ní 1924, kì í ṣe ọkùnrin tí a mú lọ ní 1896 ni ó padà wá. Ó ti lè ka ìwé tí àwọn tí ó mú un ń kọ nípa rẹ̀.

Ẹ fi ìtàn yìí wé ti Kwame Poku, kí ẹ sì wò ó bóyá ìgbà èwe nìkan ni èdè ń bẹ̀rù. Ní 1837 ni a fi òun àti Kwasi Boakye, ọmọ ọba Àṣáńtì méjèèjì, ránṣẹ́ sí Họ́láǹdì nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Wọ́n kàwé ní ìlú Delft, wọ́n sì gbọ́ èdè Dọ́ọ̀ṣì bí ọmọ ibẹ̀. Nígbà tí Kwame Poku padà sí Elmina ní 1847, Twi ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń retí pé kí ó kọ́ ọ padà kí ó tó wọ Kùmásì. Kò dé Kùmásì mọ́. Ní 1850 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní Elmina. Èmi kò wí pé èdè nìkan ni ó pa á. Kò sí ẹni tí ó lè ka inú òkú. Ohun tí mo ń wí ni pé èdè tí ó bá a láti inú oyún, tí ó sọ títí ó fi tó ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé kò rí ẹni bá a sọ ọ́. Bí ìgbà èwe bá jẹ́ odi agbára tí a rò pé ó jẹ́, èdè náà kì bá ti sá kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ń gbé èdè ró ni lílò, àìlò rẹ̀ ni ó sì ń pa á, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ọmọdé tàbí lẹ́nu àgbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò gbé ìwé àwọn onímọ̀ dìde sí mi. Ẹ gbé e wá. Ní 1967 Eric Lenneberg kọ ìwé tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilẹ̀kùn èdè ń tì nígbà tí ọmọ bá bàlágà. Ṣùgbọ́n ní 1978 àwọn olùwádìí méjì, Catherine Snow àti Marian Hoefnagel-Höhle, gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Họ́láǹdì jáde. Wọ́n wo àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé ibẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ Dọ́ọ̀ṣì, ọmọdé àti àgbà. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti lé ní ọmọ ọdún méjìlá àti àwọn àgbàlagbà ni ó sáré jù. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá nínú kíkọ́ èdè, ni ó gbẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2018, láti ọwọ́ Hartshorne, Tenenbaum àti Pinker, fi hàn pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ni ó ń sún mọ́ onílẹ̀ jù nínú gírámà, agbára yìí sì ń dínkù lẹ́yìn bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ta ni nínú àwọn àgbàlagbà Kùmásì tí ń kọ́ Sípéènì ni ó ní òun fẹ́ kí a máa ṣì òun mọ́ ọmọ Madrid? Ó fẹ́ ka ìwé, ó fẹ́ ṣòwò, ó fẹ́ lè bá oníṣègùn sọ ibi tí ń dun òun. A kò gbọdọ̀ sọ pé ènìyàn kò lè rìn nítorí pé kò lè fò.

Nísinsin yìí mo fẹ́ kọjú sí ibi tí ẹ̀bi wà gan-an. Bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bá ń sanwó, tí wọn kò sì mọ èdè, ohun mẹ́ta ni ó fà á, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Èkínní ni irọ́ nípa àkókò. Ibi gbogbo ni a ti ń rí ìkéde pé ènìyàn yóò sọ Sípéènì láàárín oṣù mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè ka Sípéènì mọ́ àwọn èdè tí ó rọrùn jù fún elédè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ náà, wákàtí tí ó tó 600 sí 750 ni wọ́n fi ń jókòó nínú kíláàsì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n fi lè bá ìjọba mìíràn ṣiṣẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá sì wà lẹ́yìn èyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí olùkọ́ ń wá bá fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ yóò lo 300 ọ̀sẹ̀ kí ó tó pé 600 wákàtí, èyíinì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́fà. Bí ó bá lè ṣe wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò lé díẹ̀ ní ọdún méjì. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó fẹ́ kí ènìyàn kí ó sì ra oúnjẹ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wo ni ó máa ń ṣe ìṣirò yìí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó gba kọ́bọ̀ àkọ́kọ́? A kò sọ fún un bí ọ̀nà ti jìn tó, nígbà tí oṣù kẹta bá sì pé tí kò tíì dé, òun náà yóò gbà pé orí òun ni kò pé. Olùkọ́ tí ó ṣe èyí ti jí ohun méjì gbé: owó akẹ́kọ̀ọ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ní nínú ara rẹ̀. Ti èkejì burú ju ti èkínní lọ.

Ẹ̀bi kejì ni pé a ń gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kọjá lọ sí Sípéènì, bí ẹni tí ó fẹ́ ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ṣùgbọ́n tí ó kọ́kọ́ yà sí Èkó. Èyí ni ó dùn mí jù, nítorí pé ọ̀nà tààrà wà, olùkọ́ kò sì wo ọ̀nà náà rí. Bí elédè Sípéènì bá fẹ́ sọ pé òun fẹ́ràn iṣu, yóò ní *me gusta el ñame*. Olùkọ́ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni yóò lo odidi ọ̀sẹ̀ kan láti ṣàlàyé ìdí tí iṣu fi di olùwà, tí ènìyàn sì di àbọ̀. Ẹ bi Yorùbá léèrè: iṣu wù mí. Kí ni ó kù tí a fẹ́ ṣàlàyé? Bí orí bá ń fọ́ elédè Sípéènì, *me duele la cabeza* ni yóò wí. Orí ni ó ń ṣiṣẹ́, èmi ni ó ń ṣe é fún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé orí ń fọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún jíjẹ́ àti wíwà, Sípéènì ní méjì, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa sunkún lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í fi “olùkọ́ ni mí” dípò “mo wà ní Kùmásì”, ọmọ Àṣáńtì pẹ̀lú kì í ṣi *yɛ* lò fún *wɔ*. Wọ́n ti mú ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín *soy* àti *estoy* bọ̀ láti ilé. Olùkọ́ ni kò mọ̀ pé wọ́n mú un wá.

Ẹ tún gbọ́ ti ohùn. Ẹni tí ó kọ́ Twi mọ̀ pé *pápá* ni ohun tí ó dára, *pàpá* ni baba, *pàpà* sì ni abẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá kò lè ṣi ọkọ́ mú fún ọkọ̀. Nínú Sípéènì, *papa* ni ọ̀dùnkún ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, *papá* ni baba. *Hablo* ni mo ń sọ̀rọ̀, *habló* ni ó sọ̀rọ̀ lánàá. Kì í ṣe ohùn gẹ́gẹ́ bí tiwa ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, bí kò ṣe ibi tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí ó ti ń ṣọ́ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré ń gbọ́ ọ kíákíá. Fáwẹ́lì márùn-ún ni Sípéènì ní, méje ni Yorùbá ní láìka àwọn aránmúpè; kò sí èyí nínú márààrún náà tí ó jẹ́ àlejò pátápátá lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀fúnni ńkọ́? Sípéènì ya *tú* sọ́tọ̀ kúrò lára *usted*, àwa sì ya “ìwọ” sọ́tọ̀ kúrò lára “ẹ̀yin”. Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni yóò máa dààmú ta ni ó yẹ kí òun pè ní *usted*. Ọmọ Yorùbá ti kọ́ ọ lórí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀.

Èmi kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ pé gbogbo rẹ̀ ni ó rọrùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì ń yí ìrù padà nígbà gbogbo, tiwa kì í yí. Ohun gbogbo nínú Sípéènì ni ó jẹ́ akọ tàbí abo, títí kan tábìlì àti ilé. Yorùbá àti Twi kò tilẹ̀ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú “ó” àti *ɔno*. Ìró *r* alágbára tí ó wà nínú *perro*, èyí tí í ṣe ajá, yóò yọ ènìyàn lẹ́nu kí ó má baà di *pero*, tí í ṣe “ṣùgbọ́n”. Síbẹ̀ níhìn-ín náà ilé ní ìrànlọ́wọ́. Ọmọ Àṣáńtì ń wí pé *mekasa, wokasa, ɔkasa*: ó so ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́ orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Elédè Sípéènì ń wí pé *hablo, hablas, habla*: ó so ó mọ́ ìrù. Olùkọ́ tí ó bá lè fi èyí hàn ní Kùmásì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti gba akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rù oṣù mẹ́fà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti bọ́ ọ síhòhò kí ó tó rán an lọ sí ìrìn-àjò.

Ẹ̀bi kẹta ni pé a ń kọ́ àgbà bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. A fún un ní orin ọmọdé, a ní kí ó ka orúkọ ẹranko mẹ́wàá, a sì bá a wí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣì í. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà ni ìrírí rẹ̀: ó mọ iṣẹ́ kan, ó mọ ẹjọ́, ó mọ ọjà, ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi èdè náà ṣe. Nọ́ọ̀sì tí ń kọ́ Sípéènì yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ara àti àìsàn, aránṣọ láti ibi aṣọ àti owó. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ èdè Ìgbò jáde ní 1857, ó ti tó bí ẹni àádọ́ta ọdún. Ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Nupe tí ó kọ jáde ní 1864. Nítorí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya ni ó fi kọ́ wọn, iṣẹ́ náà sì ni ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ mọ̀. Àlùfáà J. F. Schön, tí òun náà ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, jókòó ti Dorugu, ọ̀dọ́mọkùnrin Haúsá tí Heinrich Barth mú dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń gba ìtàn àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dàgbà, olùkọ́ ni ó kéré, ẹ̀kọ́ náà sì yọrí sí ìwé. Kò sí ohun tí ó tini lójú nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì mọ ohun tí ẹnì kejì fi ju òun lọ.

Ó ku àtakò méjì tí mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Àwọn kan wí pé bí àwọn ará ọjà Kùmásì bá kọ́ Twi láìní olùkọ́, kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi olùkọ́ àdáni ṣe? Kí ó gba ìwé, tàbí kí ó tẹ fóònù. Àwọn tí ó sọ èyí ti gbàgbé pé àwọn ará ọjà ní Àṣáńtì yí wọn ká láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ń kọ́ Sípéènì ní Kùmásì kò ní ọjà Sípéènì. Orílẹ̀-èdè bí ogún ni ó ń lo èdè náà, ṣùgbọ́n Equatorial Guinea nìkan ni ó sọ ọ́ di èdè ìjọba nínú àwọn orílẹ̀-èdè olómìnira ilẹ̀ Áfíríkà, òkun sì wà láàárín wọn. Nítorí náà olùkọ́ ni ọjà rẹ̀. Bí olùkọ́ bá lo wákàtí kan tí òun nìkan fi sọ̀rọ̀ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó ti ti ọjà náà pa. Ìwé kò lè dáhùn, fóònù kò sì mọ̀ ìgbà tí ojú ń ti ènìyàn.

Àtakò kejì ni ó wúwo jù, n kò sì ní fi ṣeré. Wọ́n ní kí ni ọmọ Áfíríkà fẹ́ fi Sípéènì ṣe nígbà tí kò tíì gbọ́ èdè aládùúgbò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tí ó gbé Kùmásì fún ogún ọdún, tí ó mọ ọ̀rọ̀-ìṣe Sípéènì, tí kò sì lè kí onílé rẹ̀ ní Twi. Ṣùgbọ́n èdè kì í ṣe ìṣù kan ṣoṣo nínú ìkòkò, tí ẹnìkan bá mú un tí ẹnì kejì kò ní jẹ. Ìjọba Gánà rán àwọn ọmọ lọ kàwé ní Kúbà ní àwọn ọdún 1980, ó sì tún rán àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ lẹ́yìn náà. Yunifásítì Gánà ní Legon ń kọ́ni ní Sípéènì. Ní Kúbà náà, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ, tí a ń pè ní Lukumí, ní láti kọ́ Sípéènì lágbà, lábẹ́ ìyà, láìsí ìwé, láìsí olùkọ́ tí ó fẹ́ wọn fẹ́re. Wọ́n kọ́ ọ, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òrìṣà wọn parun lẹ́nu wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó wà lára wa. Bí àwọn tí ń gé ìrèké nínú oòrùn bá lè gba èdè kejì mọ́ra láìsọ ti àkọ́kọ́ nù, àwa tí a jókòó sábẹ́ fáànù kò ní àwáwí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, níbikíbi tí ẹ bá wà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò ṣòro. Kí a tó gba owó lọ́wọ́ àgbàlagbà, kí a bi í ohun tí ó fẹ́ fi èdè náà ṣe, kí a sì ṣírò wákàtí fún un lórí ìwé. Kí a mọ èdè ìyá rẹ̀ tó láti fi ṣe àtẹ̀gùn fún un. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó bẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà kí ó kọ́ òun, nítorí pé ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Kí a jẹ́ kí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ju tiwa lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí a tún àṣìṣe ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kò sì mọ̀ ọ́n, nígbà náà ni kí a tó wá ẹ̀bi síbòmíràn.

Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tún sọ fún àgbàlagbà kan pé ó ti pẹ́ jù. Ọba Prempeh kò pẹ́ jù ní Seychelles, Crowther kò pẹ́ jù lẹ́bàá odò Ọya, ìyá tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Kùmásì kò sì pẹ́ jù. Àwa tí a ń gba owó ọ̀yà nítorí pé a ní a lè kọ́ni ni kí a wo ara wa wò.